Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀fẹ́ Tí Wọ́n Fún Mi ní Agége

Níbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ọkùnrin kan dìde láàárín ẹbí, ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ ọrẹ olóògbé. Ó ní obìnrin náà ló sọ èmi ìyàwó ilé di ẹni tí mo dà, pé òun ló fún mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí n kò ní ibi tí mo lè fìdí lé. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo mi orí, nítorí a kì í bá òkú jiyàn lójú ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sin ín tán, ilẹ̀ ti gbẹ lórí rẹ̀, èmi náà sì ti dàgbà kọjá ẹni tí í bẹ̀rù ẹbí. Mo fẹ́ sọ iye tí ọ̀fẹ́ náà ná mi.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo kọ́, ó sì mọ́ mi lára. Mo kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ títí alábòójútó ilé-ìwé wa, ọkùnrin kan tí èérún búrẹ́dì kì í kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀, fi rí i pé oyún mi kejì ti yọ. Ó ní kò yẹ kí obìnrin tó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ dúró níwájú àwọn ọmọ, bí ẹni pé ọ̀nà mìíràn ni àwọn ọmọ náà gbà wá sáyé. Wọ́n fún mi ní owó kékeré tí wọ́n fi ń ti tíṣà jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo gbé e pamọ́ sí báńkì ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọkọ mi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó bèèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo wò ó, kò sì bèèrè mọ́.

Nígbà yẹn, Agége àti Ìkẹjà kò sí lábẹ́ Èkó. Ìbàdàn ni ìjọba wa wà, láti ibẹ̀ sì ni ìròyìn ti wá pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò di ọ̀fẹ́ láti oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ládùúgbò wa, alágbẹ̀dẹ àti ahunṣọ tí kò rán ọmọ nílé-ìwé rí, ń bi ara wọn bóyá òótọ́ ni. Èmi jókòó, mo ro ó bí tíṣà ìṣirò. Ilé-ìwé ni ìjọba sọ di ọ̀fẹ́. Wọn kò sọ káàkí di ọ̀fẹ́. Gbogbo ọmọ wọ̀nyẹn ni yóò wọ yunifọ́ọ̀mù, ẹnìkan ni yóò sì rán an.

Mo gba owó mi jáde, mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ ní Èbúté-Mẹ́ta. Owó mi tó ìdajì owó ẹ̀rọ méjì. Ó ní kí n kó wọn lọ, kí n máa san pọ́n-ún méjì lóṣooṣù lórí ìyókù. Ṣùgbọ́n ó ka ìlànà rẹ̀ sí mi létí bí ẹni ń ka Òfin Mẹ́wàá.

"Tíṣà, bí ẹ bá yẹ oṣù kan, mo lè fojú fò ó. Bí ó bá di méjì, mò ń bọ̀ wá kó ẹrù mi. Ẹ má sì sọ fún mi nígbà náà pé ẹ ti san kinní kan tẹ́lẹ̀."

Ìyẹn ni pé bí òwò náà bá ṣubú, gbogbo ọdún tí mo fi dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé ni yóò bá ẹ̀rọ lọ.

Mo ti rí yàrá kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ní Ìkẹjà, pọ́n-ún kan lóṣù. Ọkọ mi ń ṣe akọ̀wé lọ́hùn-ún, níbi tí katakata ti ń wó igbó lulẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun, mo sì rò pé a ó jọ máa lọ, a ó jọ máa bọ̀. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ fi tó ẹbí létí. Kò sí ohun tí ọkọ mi ń ṣe tí kì í kọ́kọ́ fi tó ẹbí létí. Bóyá ó ti fi ìgbéyàwó wa tó wọn létí kí ó tó fi tó èmi létí.

Bí ó bá ti sọ pé ẹbí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń wí. Obìnrin náà ti kó ẹrù kúrò nílé ọkọ, ó ti padà sí ilé bàbá wọn ní Agége. Òun ló ń gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, òun ló ń pín ẹran lọ́jọ́ Iléyá, kò sì sí ẹni tí í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyàwó," ó wí fún mi, "ta ní í yá yàrá lóde nígbà tí ilé bàbá ọkọ rẹ̀ kún fún yàrá? Ṣé o fẹ́ kí ayé máa bú wa ni? Yàrá iwájú tí olóbì kó kúrò nínú ẹ̀, wọlé síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni mo fi fún ọ."

Mo kúnlẹ̀. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Ó pè wá ní ọmọ rere.

Kí n tó fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ, mo ti ṣírò. Àwọn oníṣòwò àdúgbò náà ń ṣírò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú owó ọjà nìkan ni wọ́n ń wò: mo rà á ní ṣílè mẹ́wàá, mo tà á ní méjìlá, mo jèrè ṣílè méjì. Wọn kì í ka owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó ọmọ iṣẹ́ mọ́ ọn. Bí ọdún bá yí tán, wọ́n á máa wá ẹni tó jẹ èrè náà, wọ́n á sì di ẹ̀bi ru ìyàwó kékeré.

Ohun tí èmi ń wá ni ibi ọgbọọgba. Orúkọ tí mo fún un nìyẹn: ibi tí owó tó jáde àti owó tó wọlé ti ga dọ́gba, tí òwò kò jèrè tí kò sì pàdánù. Owó kan wà tí yóò jáde lóṣooṣù, bí mo ránṣọ bí n kò ránṣọ: pọ́n-ún méjì ti ẹlẹ́rọ, pọ́n-ún mẹ́ta ti obìnrin aránṣọ tí mo gbà síṣẹ́, pọ́n-ún kan fún èédú áyọ́ọ̀nù, òróró ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ àti àwọn nǹkan kéékèèké tí kì í tán. Pọ́n-ún mẹ́fà nìyẹn, ọgọ́fà ṣílè. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ kan, ṣílè mẹ́rin ni mo ń gbà. Káàkí, òwú àti bọ́tìnnì rẹ̀ ń gba ṣílè méjì àti sísì, ìyẹn ìdajì ṣílè. Ṣílè kan àti sísì ló ń kù sí mi lọ́wọ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ mélòó ni yóò kó ọgọ́fà ṣílè jọ? Ọgọ́rin. Àwa méjèèjì sì lè rán ọgọ́rùn-ún lóṣù bí a kò bá ṣeré. Ọgọ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ti ayé, ogún tó kù jẹ́ tèmi. Ọkàn mi balẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ka ọkọ mọ́ ọn.

Kì í ṣe ọkọ tó gbé mi níyàwó ni mo ń wí. Ẹni tó bá mọ agbo ilé Yorùbá mọ̀ pé gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá nílé ni ọkọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ tí ikun ń ṣàn nímú rẹ̀. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Bí ó bá rán an níṣẹ́, yóò lọ. Ta ní í wá gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ?

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tò wọ́n wọlé bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ.

"Ìyàwó, àwọn ọkọ ẹ dé o! Wọ́n fẹ́ lọ sílé-ìwé ìjọba."

Èyí tó kéré jù nínú wọn kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó yí mi ká, ó wo ẹ̀rọ, ó wo èmi. "Ìyàwó mi," ó ní, "àpò méjì ni kí o ṣe sí tèmi. Kí ọ̀kan wà lẹ́yìn."

Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wọn ìbàdí rẹ̀, mo ṣe àpò méjì.

Mẹ́rìnlélógún ni mo rán lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kìíní. Ilé náà kò bímọ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ ìbátan wá láti ọ̀nà Ọ̀tà, ọmọ ọmọ àbúrò ìyá wá láti ibi tí n kò mọ̀. Èmi ni mò ń rán, òun ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á kúnlẹ̀ sí i lójú mi, wọ́n á ní, "Àǹtí, Ọlọ́run yóò fi kún un fún yín," òun yóò sì ní, "Kí la fẹ́ ṣe? Tiwa-n-tiwa ni."

Mo tún ìṣirò mi ṣe. Aṣọ kọ̀ọ̀kan tí mo rán lọ́fẹ̀ẹ́ ń kó ṣílè méjì àti sísì mi lọ láìpadà. Ìlọ́po mẹ́rìnlélógún rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta ṣílè, pọ́n-ún mẹ́ta gbáko. Yàrá Ìkẹjà tí wọ́n ní kí n má yá nítorí ìnáwó, pọ́n-ún kan péré ni. Kí n tó lè rí pọ́n-ún mẹ́ta yẹn padà, mo ní láti ta ogójì aṣọ lé ọgọ́rin. Ibi ọgbọọgba mi ti sá lọ sí ọgọ́fà, ọwọ́ wa méjèèjì kò sì lè rán ju ọgọ́rùn-ún lọ, ká tó tún yọ ti àwọn ọkọ kúrò nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé ọjà kò tà. Àwọn òbí ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ti ní gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ wọ aṣọ kí Àjíǹde tó dé. Bí mo ṣe ń tà tó, bẹ́ẹ̀ ni mò ń rì.

Mo ta aago ọwọ́ mi kí n tó lè san ti ẹlẹ́rọ ní oṣù kìíní. Ní oṣù kejì, n kò ní aago mọ́. N kò san. Oṣù kẹta ló kù.

Mo bá ọkọ mi sọ ọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Àǹtí. Kí wọ́n san owó káàkí nìkan, n kò ní gba owó iṣẹ́."

Ó ká ìwé ìròyìn rẹ̀. "Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́? Wọ́n fún ọ ní yàrá lọ́fẹ̀ẹ́, o wá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wọn?"

"Yàrá ọ̀fẹ́ yẹn ń jẹ pọ́n-ún mẹ́ta lóṣù."

"Ìwọ náà, ìṣirò ẹ ti pọ̀ jù. Ẹbí kì í ṣe ìṣirò."

Ó ti kú, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe owó rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹbí kò fi jẹ́ ìṣirò lójú rẹ̀.

Ohun tó yọ mí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gbé e lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ilé-ìwé ọ̀fẹ́, èrò pọ̀ débi pé wọ́n ní kí àwa tí a ti ṣe tíṣà rí wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Kò sí ìwé ọjọ́ ìbí nígbà náà. Ọmọ yóò na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó ọdún mẹ́fà. Àwọn tí ọwọ́ wọn gba etí kọjá dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń lé padà pé wọ́n ti dàgbà jù fún kíláàsì kìíní. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kó àwọn ọmọ ilé wa wá. Ọ̀gá ilé-ìwé fura sí àwọn kan nínú wọn. Obìnrin náà lu àyà, ó fi Kùránì búra pé kò sí èyí tó ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí.

Ìbúra yẹn sùn lọ́kàn mi fún oṣù méjì gbáko. Ìgbà tí ó mú ọmọ márùn-ún mìíràn wá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ló jí.

Àárọ̀ ni. Àwọn ayálégbé ń fọ ẹnu níta. Ìyàwó àgbà ilé náà, arúgbó tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń yan ẹ̀wà.

"Ìyàwó, àwọn ọkọ ẹ tún dé o!"

Mo gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọdún mélòó ni àwọn ọkọ mi yìí?"

"Mẹ́fà mẹ́fà ni. Kí ló dé? Ṣebí o wà níbẹ̀ nígbà tí mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀, mà. Ọdún kẹjọ rèé tí mo wọ ilé yìí."

Kò tètè yé e. Ìyá ló kọ́kọ́ yé. Ó da ẹ̀wà sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Páńsá já, ajá já! Ọmọ tí ìyàwó ṣáájú dé ilé kì í ṣe ọkọ rẹ̀ láé. Àǹtí wọn, ìyàwó ẹ ju àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ!"

"Irọ́ ni!" ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fa ọmọ kan jáde. "Èyí ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án! Ara ẹ̀ ló kéré!"

"Ẹ rọra, Àǹtí," mo ní, mo sì rẹ ohùn sílẹ̀, "kí hẹ́dìmásítà má baà gbọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkọ mi, wọn kò yẹ ní kíláàsì kìíní. Bí wọ́n bá yẹ ní kíláàsì kìíní, wọn kì í ṣe ọkọ mi. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ mú."

Ọmọ olápò méjì, tó ti wọ aṣọ rẹ̀ wá wòran, ya ẹnu. "Ìyàwó mi—"

"Ìyá ẹ ni!" Ìyá wí. "Kúnlẹ̀ kí i!"

Ọmọ náà wo ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ó wo mí, ó sì dọ̀bálẹ̀. Àwọn ayálégbé tú ẹ̀rín dà sílẹ̀ pẹ̀lú omi ẹnu wọn.

"Ọmọ mi ni gbogbo wọn," mo ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ ní bàbá. Kí bàbá wọn mú ṣílè mẹ́rin wá."

Ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pọ́n. "Ó ti di owó nìyẹn? Ó dáa! Bí ó bá di owó, owó ilé mi ńkọ́? O rò pé mo fún ọ ní yàrá torí ẹwà ẹ ni? Láti oṣù yìí, ọgbọ̀n ṣílè! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó ẹ̀rọ ẹ jáde!"

Ó rò pé òun ti pa mí. Àánú mi ṣe gbogbo agbo ilé. Wọn kò mọ̀ pé láti oṣù kìíní, n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Owó ilé ní iye. Ó ní ọjọ́ tí à ń san án, bí a bá sì ti san án, ó tán. Ọ̀fẹ́ ni kò ní iye, tí a kì í san tán.

"Àǹtí, ogún ṣílè ni wọ́n ń gbà ní Ìkẹjà."

"Ṣé Ìkẹjà lo wà?"

"Ṣé mo lè lọ?"

Ìyá dá sí i. Ó ní pọ́n-ún kan ni gbogbo àwọn tó wà nínú ilé ń san lórí yàrá kan, kí wọ́n má fi ìbínú yá ilé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pòṣé, ó ní kí n mú un wá.

"Ṣé bí mo bá ti ń san án, ayálégbé ni mí, mà?"

"Ayálégbé ni ọ́! Bíi gbogbo wọn! Má pè mí ní Àǹtí mọ́ nínú yàrá yẹn!"

"Ẹ ṣé, mà," mo ní. Mo ti ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo dúpẹ́ látọkàn wá. Kò sí ayálégbé kankan nínú ilé náà tó ń rán ṣòkòtò lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọ onílé.

Ogóje ṣílè ni ohun tí mo ní láti kó jọ báyìí, ọgọ́fà ti tẹ́lẹ̀ àti ogún ti yàrá. Ibi ọgbọọgba mi padà wálẹ̀ sí aṣọ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Kò rọrùn, ṣùgbọ́n ó wà ní ibi tí ọwọ́ ń dé. Mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo mí kanlẹ̀. Obìnrin aránṣọ mi bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín tí wọ́n fi owó ilé kún ẹrù mi. Mo ní kó ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Àwọn bàbá ọmọ mú ṣílè mẹ́rin wọn wá. Kò sí ẹni tó ṣàìní in nínú wọn. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ń retí kí ẹnìkan bèèrè. Àwa náà rán, a rán, ẹsẹ̀ mi wú, ohùn ẹ̀rọ ń dún sí mi létí nígbà tí mo bá ń rokà.

Ní ìparí oṣù, ọkùnrin ẹlẹ́rọ dé láti Èbúté-Mẹ́ta. Kò dá wá. Ó háyà ọlọ́mọlánke kan láti ibùdókọ̀ ojú irin, ọkùnrin náà sì ti kó okùn tí wọ́n fẹ́ fi di ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ẹnìkan ti ránṣẹ́ sí i pé òwò mi ti kú. Ẹ má bi mí léèrè ẹni náà. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ lápá ọ̀hún, ó ká ọwọ́ gbera, ó ń wòran.

"Tíṣà, ẹ má bínú," ẹlẹ́rọ ní. "Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀."

Mo ka pọ́n-ún méjì lé orí tábìlì. Ti oṣù kẹta nìyẹn, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó fojú fo ti oṣù kejì bó ti wí, títí n ó fi rí i san. Ó wo owó. Ó wo káàkí tí a kó jọ dé òrùlé. Ó fi owó sápò.

"Ọlọ́mọlánke, máa lọ. Kò sí ẹrù mọ́."

"Máa lọ síbo?" ọlọ́mọlánke ní. "Ọ̀gá, ẹ háyà mi. Bí ẹrù wà bí kò sí, mo ti wá. Owó mi dà?"

"Owó kí ni? Kí lo gbé?"

"Ara mi ni mo gbé wá! Ṣé ara mi kò wúwo ni?"

Wọ́n bá iyàn náà dé ẹ̀bá títì. Mo gbọ́ tí ẹlẹ́rọ ń sọ pé òun yóò san ìdajì, tí ọlọ́mọlánke ń bú ìdajì náà. Ilẹ̀kùn apá ọ̀hún tì gbà. Mo yí ẹ̀rọ, mo sì fi káàkí mìíràn sábẹ́ abẹ́rẹ́. Ìkarùndínlọ́gọ́rùn-ún oṣù náà ni, aṣọ àkọ́kọ́ tó jẹ́ tèmi.